Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Bá Ṣófo

Adìẹ ló jẹ owó òtẹ́ẹ̀lì wa. Mo mọ̀ pé ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún yóò rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Àgbébọ̀ adìẹ pupa kan tó ń tiro díẹ̀ ló wọ àgbàlá ìyá mi ní Sakété lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ṣa owó ibùsùn wa jẹ lójú ìyá mi kòrókòró, ó nu ẹnu rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi ní àmì ni.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́. Àlùbọ́sà ló tà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe àlùbọ́sà orí àtẹ o, àlùbọ́sà inú àpò ni, èyí tí wọ́n ń lọ kó ní Malanville lókè pátápátá, lẹ́bàá odò Ọya, tí wọ́n á dì sínú ọkọ̀ akẹ́rù, tí yóò gba Kandi àti Pàràkú àti Bọ̀hìkọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Bàbá mi ló ń wa ọkọ̀ náà. Ìyá mi a máa sọ pé níbi tí òun ti ń yọwó ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ìgbéyàwó, àti pé láti ọjọ́ náà òun kò sanwó ọkọ̀ mọ́. Bàbá mi a ní òun ló ń san án láti ọjọ́ náà.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ibì kan wà tí wọ́n máa ń rí ní òkèèrè tí wọn kì í yà sí. Òkìtì ńlá kan ni, létí odò, tí ilé kankan kò sí lórí rẹ̀. Ìlú ni tẹ́lẹ̀ rí. Àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó wá gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì bá ilẹ̀ ilé tí wọ́n fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ nísàlẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kẹ̀ àti egungun ẹja. Bàbá mi fẹ́ràn láti máa nawọ́ sí ọ̀nà ibẹ̀ bó ṣe ń wakọ̀ lọ. Ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ṣófo, màá mú ẹ débẹ̀." Ìyá mi á bú sẹ́rìn-ín, torí àwọn méjèèjì mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ṣófo. Bó bá kó àlùbọ́sà bọ̀ wálé, epo pupa àti gaàrí ló ń rù padà lọ. Ọkọ̀ tó bá rin ọ̀nà yẹn lófìfo, òfò ló ń rù.

Ọkọ̀ náà kò ṣófo títí bàbá mi fi kú. A tà á. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ìyá mi fi òwò sílẹ̀, nítorí orúnkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bó bá fẹ́ dìde lórí ìrun. Ọjọ́ kan ni mo wá kí i, tí mo bá a níbi tó ti ń fi òrí pa orúnkún náà, tí kò sì gbójú sókè. Ó ní, "Kò dùn mí pé mi ò lówó. Mẹ́kà tí mi ò dé, Ọlọ́run mọ ìdí rẹ̀. Òkìtì yẹn ló ń dùn mí." Mo gba ìgò òrí náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a pa á.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Àjàṣẹ́ sọ fún mi ní èdè Faransé, kó má baà yé e, pé ibikíbi tó bá fẹ́ dé, kí a tètè mú un débẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń gbé e. Ó yé e dáadáa. Ẹni tó ti fi Faransé bá àwọn ṣọ́jà ojú ọ̀nà jà láti Malanville dé Kútọnu, kí ni kò ní yé e? Bí a ṣe jáde ló ní, "O gbọ́ ohun tó wí."

Ọ̀rọ̀ náà wá di tèmi. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọlẹ́ẹ̀jì kan ní Pobẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró níwájú pátákó, tí mò ń sọ̀rọ̀ àwọn ìlú àtijọ́ létí odò Ọya bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi, bẹ́ẹ̀ mi ò dé ọ̀kankan rí. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Kútọnu, a fẹnu kò. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni mò ń sọ yìí, nígbà tí ọ̀nà òkè ọ̀hún ṣì ní àlàáfíà, tí ènìyàn lè lọ kó sì bọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbààwẹ̀ lé e lórí nílé.

Mo fẹ́ràn ètò. Àwọn tí à ń jọ ṣiṣẹ́ ní ètò ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnu wọn nìyẹn. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ṣe ìṣirò ìrìn àjò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo fi àwọ̀ ewé kun ọkọ̀, mo fi àwọ̀ òféfèé kun oúnjẹ, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì gbé e lọ sí Sakété. Ìyá mi wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní ó dára. Ó ní níbo wá ni owó wà níbẹ̀? Ó bá gbé àtẹ rẹ̀ jáde.

Báyìí ló ṣe máa ń ṣe ìṣirò àlùbọ́sà láyé ọjọ́un. Yóò bu àgbàdo, èyí tí àbúrò bàbá mi máa ń fi ránṣẹ́ láti oko Issaba, yóò sì pín in ní òkìtì òkìtì sórí àtẹ. Hóró kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún sẹ́fà kan. Àgbàdo funfun ni owó tó wà nílẹ̀, tí o lè fọwọ́ kàn. Àgbàdo pupa ni owó tí ẹnì kan ṣèlérí. Òfin kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀: a kì í fi pupa wọkọ̀. Òkìtì ẹ̀gbọ́n mi pupa fòò bí ata.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń wá láti Pobẹ̀ bí mo bá ti parí iṣẹ́. A ó jókòó ti àtẹ náà, èmi lórí àpótí, òun lórí ẹní tó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú. Òkìtì ọkọ̀ wà níbẹ̀, òkìtì oúnjẹ wà níbẹ̀, òkìtì ẹni tó máa fi ibẹ̀ hàn wá wà, èyí tí à ń pè ní gíìdì. Òkìtì ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé wa dé ìdí òkìtì náà, ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, àfi kí a máa fi kún un. Èyí tó tóbi jù ni ti òtẹ́ẹ̀lì. Èmi ni mo sọ ọ́ di ńlá bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ìyá mi sùn sí yàrá tó ní fáànù, tí omi ń jáde lára ògiri, kó na ọwọ́ gba tíì nídàárọ̀ bí àwọn aya mínísítà. Ó ti sùn lórí àpò tó láyé yìí.

Òun kò rí i bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá sanwó kó tó lè di ojú rẹ̀, ojú náà ló ń yá lò. Mo wá ṣàkíyèsí pé bí ọ̀sẹ̀ bá ti yí po, òkìtì òtẹ́ẹ̀lì á ti rù, ti ọkọ̀ ojú omi á sì ti sanra. Bí mo bá bi í, kò ní búra, torí kò jẹ́ fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré. Ó kàn máa wo òrùlé ni, á ní òkété pọ̀ ní àdúgbò yìí.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ yẹn, a ti jiyàn títí ó fi sú wa. Mo ti ka òtẹ́ẹ̀lì pé pérépéré padà, gbogbo rẹ̀ funfun, mo wá dìde láti lọ bu omi mu. Bí mo ṣe ń yíjú padà ni àgbébọ̀ yẹn ń gbé hóró tó kẹ́yìn mì. Òkìtì yòókù wà bó ṣe wà. Pupa ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Kò tilẹ̀ wò ó. Ìyá mi jókòó tì í níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí i, kò lé e.

"Mètírẹ́ẹ̀sì," ó wí, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe ń pe olùkọ́ obìnrin ní Faransé, torí bó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó máa ń pè mí bẹ́ẹ̀, "adìẹ ti dájọ́. Ilé oníbàárà mi ní Malanville la máa sùn."

Inú bí mi. Mo mọ̀ pé àgbàdo ni adìẹ jẹ, pé owó wà nínú báńkì níbi tí ẹnu adìẹ kò lè dé, ṣùgbọ́n ẹ wá bá mi sọ ọ́ fún un. Mo gbé àpò mi kọ́ apá, mo lọ wá kẹ̀kẹ́ gùn padà sí Pobẹ̀, mi ò fẹnu kan ẹ̀bà tó tẹ̀ dè mí. Ìbínú náà kò bá mi dé ìdajì ọ̀nà. Ebi ló bá mi délé.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò kì í fara sin ní Sakété. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà rẹ̀ gbọ́, wọ́n sì wá bi í léèrè pé bó bá jẹ́ pé owó wà láti rìn, ṣé kì í ṣe ọ̀nà Mẹ́kà ló yẹ kó kọjú sí, dípò ọ̀nà ìlú tí àwọn ará ibẹ̀ ti kú tipẹ́? Ó fi sùúrù dá wọn lóhùn. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run bá pè ló ń lọ Mẹ́kà, òkìtì yìí ní tirẹ̀, ènìyàn ló pe òun síbẹ̀. Wọn kò bi í pé ènìyàn wo. Èmi mọ̀ ọ́n.

Ìsinmi ọdún Àjíǹde la fi sí, torí ilé-ìwé tì, odò náà kò sì ní tíì kún. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, mo ń bá a di ẹrù rẹ̀, mo bá àpò àlùbọ́sà méjì lófìfo nísàlẹ̀ àwọn aṣọ rẹ̀, tí ó ká wọn bí aṣọ òkè. Mo mọ àwọn àpò náà dáadáa. Òwú búlúù ló fi máa ń ṣẹ́ etí wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ wọn mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jà. Mo nà wọ́n sókè. Mo bi í pé kí ni èyí.

"Àpò ni."

Mo ní mo mọ̀ pé àpò ni. Mo ní ìgbafẹ́ la ń lọ, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀ kó lọ síbì kan kó má ta, kó má rà, kó má yọwó. Ó gba àpò náà lọ́wọ́ mi, ó ká a padà. Ó ní ìrìn àjò tí kò bá lè san owó ọkọ̀ ara rẹ̀, ìsìnkú ni. Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó rẹ̀ mí. Gbogbo ètò mi ti di ìrìn àjò àlùbọ́sà bí ti àtẹ̀yìnwá, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí kò sí bàbá mi nídìí ọkọ̀. Ẹ̀rù sì bà mí pé bí a bá dé ọjà, yóò gbàgbé òkìtì, tàbí kí àlùbọ́sà gba agbára tó kù nínú orúnkún rẹ̀. Mo fi àpò sílẹ̀ níbi tó wà.

Bọ́ọ̀sì ńlá la wọ̀ ní Kútọnu. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo fi ìyá mi sí, mo sì rò pé yóò sùn. Àlá ni. Gbogbo ibi tí a dé ló ní ìtàn, gbogbo ìtàn ló sì ní iye owó. Ní Ìdáàṣà, ibẹ̀ ni táyà ti bẹ́ tí wọ́n fi sùn sábẹ́ òkúta. Ní Pàràkú, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta wàgàṣì, wàràkàṣì àwọn Fúlàní, bó bá rí bàbá mi á fi ọ̀kan ṣènì fún un, ìyá mi kò sì fẹ́ràn obìnrin náà títí dòní. Ọkùnrin tó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó ń gbọ́ ìtàn. Nígbà tí a fi dé Kandi, ó ti ń bi í léèrè òwò tó ń mówó wọlé.

Oníbàárà rẹ̀ ní Malanville jẹ́ obìnrin ẹ̀yà Dẹ́ńdì tó sanra, tí ojú rẹ̀ ń dán, tó ti gbọ́ Yorùbá láti inú òwò, tó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka owó, kíákíá, láìtún un sọ. Ó ti gbálẹ̀ yàrá kan dè wá. Ó fi ìrẹsì àti ẹja odò tí epo rẹ̀ ń kán sílẹ̀ kí wa káàbọ̀. Ó ti gbé omi gbígbóná sílẹ̀ fún orúnkún ìyá mi kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, torí tirẹ̀ náà ń dùn ún. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì tí ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ọ́ síta o. Ìyá mi ń wò mí, mo sì ń wo ẹja.

Lọ́jọ́ kejì a gbé takisí dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi wà, a sì bá gíìdì wa níbẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ bàtà rọ́bà. Faransé ló ń sọ sí mi, èmi ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi, ṣùgbọ́n ìyá mi ti fi èdè Dẹ́ńdì ọjà kí i, ó sì ti béèrè ara ìyàwó rẹ̀ kí n tó la ẹnu. Nínú ọkọ̀ ojú omi náà, ìyá mi di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Omi náà gbòòrò, ó dákẹ́, ó pọ́n díẹ̀. Bàbá mi kò gun omi rí láyé rẹ̀, ẹ̀rù odò ń bà á. Mo rí i pé ìyá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Òkìtì náà kò ga tó bí mo ṣe rò. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, o lè rò pé òkè kékeré kan lásán ni, tí koríko gbígbẹ àti igi díẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àfọ́kù ìkòkò ni ilẹ̀ náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Kò sí ibi tí o lè fẹsẹ̀ tẹ̀ tí kò ní dún. Mo gbé apá mi fún ìyá mi, a ń gùn ún díẹ̀ díẹ̀, à ń dúró, à ń mí. Ó gbára lé mi gan-an, mo sì mọ̀ nígbà náà pé òótọ́ ni dókítà sọ.

Lókè, gíìdì fi ọwọ̀ gbá yanrìn kúrò níbì kan, ó sì fi hàn wá. Wọ́n to àfọ́kù náà ní òòró, wẹ́kú wẹ́kú, ẹyọ kan kò yọ ju èkejì lọ. Ilẹ̀ ilé ẹnì kan ni. Mo ti fi èyí kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti ya àwòrán rẹ̀ sára pátákó, mo bá kúnlẹ̀ tì í kí n lè rí i dáadáa. Ìyá mi bọ́ bàtà rẹ̀. Gíìdì ní kò pọn dandan. Ìyá mi ní ilé onílé ni.

Lẹ́yìn náà ló bi í pé kí ni wọ́n ń tà níbí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọba wọn ni àwọn àlejò máa ń béèrè. Ó ní àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ rí ilẹ̀kẹ̀ tó wá láti ọ̀nà jíjìn, nítorí náà ohun kan ti ní láti lọ kí òmíràn tó bọ̀. Ìyá mi mi orí, ó ní òun ti fura. Ó wá fa ọ̀kan nínú àwọn àpò rẹ̀ jáde. Mo ní ó ti dé nìyẹn. Àfi bó ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ àfọ́kù náà, tó jókòó lé e, tó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, tó ní kí èmi àti gíìdì máa lọ wo apá ibòmíràn.

A lọ. Nígbà tí a fi ń padà bọ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àdúrà ni. Mo sún mọ́ ọn díẹ̀. Ó ń sọ fún bàbá mi pé wọ́n ti tún ọ̀nà ṣe dáadáa láti Bọ̀hìkọ́n, kòtò ńlá tó máa ń bú yẹn kò sí mọ́. Ó ní epo dísẹ̀lì ti wọ́n, ì bá ti bínú kú. Ó ní ẹni tó ra ọkọ̀ wọn ti kùn ún ní funfun, kò yẹ ẹ́. Ó ní oníwàgàṣì Pàràkú ti darúgbó. Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí díẹ̀, bí ẹni tó ń fún ẹnì kejì láyè láti fèsì. Omi bọ́ lójú mi. Mo di gíìdì lápá, mo fà á padà sétí odò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè tí ọmọ kíláàsì kìíní mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta la ní kí a padà sílé, ọjọ́ ọjà sì ni. Oníbàárà mú wa lọ síbi tí wọ́n to àlùbọ́sà sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó pupa, ó ń dán, èèpo rẹ̀ gbẹ, ó sì ń dún. Obìnrin náà dá iye kan fún ìyá mi, iye tí a kì í dá fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí. Mo wo ìyá mi. Mo ti gbà fún Ọlọ́run, mo ti ń wo ibi tí a ti máa rí alábàárù.

Ìyá mi mú ẹyọ kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà sáyè rẹ̀.

"Ó dára gan-an," ó wí. "Mi ò rà."

Oníbàárà rò pé ó ń yọwó, ó bá tún já a wálẹ̀. Ìyá mi gbá a lọ́wọ́ mú, ó sì ṣàlàyé fún un, ohùn rẹ̀ kò ga. "Bàbá àwọn ọmọ mi ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ṣófo ni. Bí mo bá ra àpò kan báyìí, kò ṣófo mọ́ nìyẹn." Ó kó àpò méjèèjì fún mi pé kí n gbọn yanrìn inú wọn dànù, ó sì lọ jókòó sábẹ́ ibòji láti máa kí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀.

Bó ṣe ku èmi àti oníbàárà nìyẹn, àti àlùbọ́sà. Ẹ rántí pé owó òtẹ́ẹ̀lì wà lọ́wọ́ mi odindi, gbogbo rẹ̀ funfun. Mo sì mọ iye tí wọ́n ń ta àpò kan ní ọjà Pobẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, torí mo máa ń béèrè láìmọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Ọmọ ẹkùn kì í jẹ koríko. Mo na àpò méjèèjì sí oníbàárà, ó wo ìyá mi lókèèrè, ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì wọ́n láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ti wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì kí ìyá mi tó dìde nílẹ̀. Mi ò sì kábàámọ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ó sùn láti Pàràkú dé Kútọnu, orí rẹ̀ lé mi léjìká. Èmi ni mi ò lè sùn, mò ń ṣírò èrè. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin tó ń já ẹrù wọ́ àpò méjì jáde, ó rí òwú búlúù lẹ́nu wọn, ó rí ìyá àgbà tó dúró, ó bá gbé wọn ka iwájú rẹ̀. "Ìyá, ẹrù yín rèé."

Ìyá mi wo àpò. Ó wò mí. Mo ń wo bọ́ọ̀sì bí ẹni pé èmi ni mo kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, pẹ̀lú gbogbo orúnkún yẹn, ó fi ìka gún ẹ̀gbẹ́ àpò náà.

"Èló ló tà á fún ẹ?"

Mo sọ iye rẹ̀. Ó ní oníbàárà òun rẹ́ mi jẹ. Ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi di mí lápá mú kó má baà ṣubú, ó ń bi mí pé ṣé mi ò lè rin ìrìn àjò kan ṣoṣo láyé mi kí n má tajà ni. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó yíjú sí ọkùnrin ẹlẹ́rù náà, ó ní, "Ẹrù tirẹ̀ nìyẹn. Èmi ò ru nǹkan kan." Ó sì ń lọ níwájú mi, ó ń ju apá méjèèjì.

Ilé ti kún kí a tó dé Sakété. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà wà níbẹ̀, wọ́n ń kí i kú ewu ọ̀nà, wọ́n sì ń béèrè ohun tó mú bọ̀ fún wọn. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn, àtẹ́lẹwọ́ lókè, kí olúkúlùkù rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Ọ̀kan nínú wọn wá bi í pé ta ló tilẹ̀ mú un lọ sí ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀.

Mo tún gèlè mi ṣe. Èmi ni mo ṣètò, èmi ni mo fi ìsinmi mi sílẹ̀, apá mi ló gbára lé gun òkìtì, apá náà ṣì ń dùn mí. Ìyá mi kò tilẹ̀ wo ibi tí mo wà.

"Ọkọ mi ni," ó wí. "Ó ti ní òun máa mú mi lọ tipẹ́."

Inú kọ́kọ́ bí mi díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà mo rọra yọ kúrò láàárín wọn, mo bu àgbàdo ẹ̀kúnwọ́ kan nínú agbọ̀n ìdí àtẹ, funfun gbogbo rẹ̀, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sì dà á sílẹ̀ fún adìẹ yẹn.